Àgbádárìgì Létí Òkun: Ohun Tí Ó Yẹ Kí Akẹ́kọ̀ọ́ Rẹ́mọ Mọ̀ Kí Ó Tó Wọ Ọkọ̀

Bí a bá ń wá ibi tí a ó kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ lọ fún ìrìn-àjò ẹ̀kọ́ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ níbí, ìbáà jẹ́ ní Ṣàgámù, ní Ìkẹ́nnẹ́ tàbí ní Ìpẹru, kì í pẹ́ tí ẹnìkan yóò fi dárúkọ Àgbádárìgì. Orúkọ ìlú náà ti di àkọ́sórí fún àwọn ọmọ wa: ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́, ilé-ẹ̀kọ́ àkọ́kọ́, Kérésìmesì àkọ́kọ́, ọjà ẹrú, etí òkun. Wọn á kọ ọ́ sínú ìdánwò, wọn á sì gbàgbé rẹ̀ kí ìsinmi tó parí. Èmi tí mo ti ń kọ́ni ní èdè Yorùbá láti ìgbà pípẹ́ gbà pé ìlú náà ju àkọ́sórí lọ. Ìtàn rẹ̀ kàn wá ju bí a ti rò lọ, ó sì ní apá kan tí kò dùn ún gbọ́ létí àwa Yorùbá, apá tí àwa olùkọ́ máa ń fò dá nígbà tí a bá dúró níwájú kíláàsì. Apá yẹn ni mo fẹ́ kí a jọ wò, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ bí ilẹ̀ ti rí.

Àgbádárìgì wà ní ìwọ̀ oòrùn Èkó, lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Sẹ̀mẹ̀ ní ẹnubodè wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Etí òkun ni gbogbo ènìyàn máa ń sọ pé ó wà, ṣùgbọ́n ní tòótọ́, etí ọ̀sà ni ìlú náà fúnra rẹ̀ tẹ̀dó sí. Ọ̀sà tóóró kan tí ó ti ìhà Àjàṣẹ́ wá, tí ó ń lọ sí Èkó, ni ó gba iwájú ìlú kọjá. Ní òdìkejì ọ̀sà yìí ni ilẹ̀ iyanrìn kan wà tí wọ́n ń pè ní Gbẹ̀rẹfù, ẹ̀yìn iyanrìn náà ni Òkun Àtìláńtíìkì sì wà. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi èyí sọ́kàn, nítorí bí ilẹ̀ ti rí yìí ni ó sọ ìlú náà di ohun tí ó dà. Ìgbì òkun le púpọ̀ ní etíkun wa, ọkọ̀ ńlá kò sì lè sún mọ́ ilẹ̀. Ṣùgbọ́n lórí ọ̀sà, ọkọ̀ ọpọ́n lè rìn ní ìrọ̀rùn láti ìhà Àjàṣẹ́ dé Èkó, kí ó tún rìn dé Ẹ̀pẹ́ àti Ejìnrìn, kí ó sì gúnlẹ̀ sí Ìkòròdú, tí í ṣe ẹnu ọ̀nà ilẹ̀ Rẹ́mọ sí omi láti ayébáyé. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sí Àgbádárìgì, ọ̀nà méjì ni ó ń ṣọ́: ọ̀nà ọ̀sà tí ó ti inú ilẹ̀ Yorùbá àti Dàhòmì wá, àti ọ̀nà òkun tí ó lọ sí ilẹ̀ òyìnbó àti Bràsíìlì.

Àwọn Ògù ni onílẹ̀, àwọn tí àwa Yorùbá ń pè ní Ègùn. Mo ti gbọ́ kí akẹ́kọ̀ọ́ sọ pé ẹ̀ka èdè Yorùbá ni Ègùn, gẹ́gẹ́ bí Rẹ́mọ tàbí Ìjẹ̀ṣà. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Èdè wọn jẹ́ ìbátan Fọ̀n ti ilẹ̀ Dàhòmì àti Éwé ti ilẹ̀ Tógò àti Gánà. Ṣùgbọ́n Ògù àti Yorùbá ti bá ara wọn gbé pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ọmọ Àgbádárìgì fi ń sọ èdè méjèèjì láìṣe wàhálà, àwọn Àwórì sì wà káàkiri agbègbè náà. Ẹni tí ó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ ìbátan náà nínú ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ìbílẹ̀: Fá tiwọn ni Ifá wa, Lẹ́gbà tiwọn ni Èṣù wa, Hẹ̀vìosò tí ń sán ààrá lọ́dọ̀ wọn kò sì jìnnà sí Ṣàngó. Vlẹ̀kẹ́tẹ̀ ni òrìṣà òkun wọn, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n sì fi sọ ọjà tí a óò dé láìpẹ́.

Ní alẹ́, Zángbétò ni ó ń ṣọ́ ìlú. Ìko ni wọ́n fi ń rán an láti òkè dé ilẹ̀, bí ó bá sì ń yí lọ láàárín ìgboro, ènìyàn yóò rò pé òkìtì koríko ni ó di alààyè. Nígbà tí kò tíì sí ọlọ́pàá, Zángbétò ni ó ń mú olè, tí ó ń parí ìjà, tí ó sì ń rí i pé òfin ìlú múlẹ̀. Ọmọ Rẹ́mọ tí ó bá mọ ohun tí Orò jẹ́ nílé kò ní ṣẹ̀ṣẹ̀ béèrè ìdí rẹ̀. Ìlù Sátò tún wà, ìlù ńlá tí ó ga ju ènìyàn lọ. Àwọn tí ó ń lù ú kì í jókòó. Ijó ni wọ́n ń jó yí i ká bí wọ́n ti ń lù ú. Bí àkókò ọdún ìbílẹ̀ bá bọ́ sí ìgbà ìrìn-àjò yín, ẹ má ṣe jẹ́ kí ó kọjá yín. Mo fẹ́ràn rẹ̀ ju gbogbo ògiri tí wọ́n fi ọ̀dà kùn lọ.

Àdúgbò mẹ́jọ ni ó para pọ̀ di ìlú àtijọ́, àdúgbò kọ̀ọ̀kan sì ní olóyè tirẹ̀: Jẹ́gbà, Ahoviko, Boekoh, Awhanjigo, Posuko àti àwọn yòókù. Akran ti Jẹ́gbà ni ọba ìlú. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ti dé Ìkẹjà yóò ti rí òpópónà Ọba Akran. C. D. Akran ni wọ́n fi sọ ọ́, ọba Àgbádárìgì tí ó tún jẹ́ mínísítà ní ìjọba Ìwọ̀ Oòrùn nígbà ayé Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́ wa.

Nígbà wo ni ìlú náà bẹ̀rẹ̀? Ibí yìí ni mo ti fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ dúró díẹ̀. Àwọn ìwé pélébé tí a ń pín fún àlejò, àti ọ̀pọ̀ ojú ewé lórí íntánẹ́ẹ̀tì, sọ pé wọ́n dá ọjà ẹrú Vlẹ̀kẹ́tẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1502. Àwọn ọmọ a dà á kọ bí ó ti wà. Ṣùgbọ́n àwọn òpìtàn tí ó fara balẹ̀ ka ìwé àwọn oníṣòwò òyìnbó, tí wọ́n sì gbọ́ ìtàn àtẹnudẹ́nu àwọn Ògù, gbà pé sẹ́ńtúrì kejìdínlógún ni Àgbádárìgì di èbúté. Ní 1724, ọba Dàhòmì ṣẹ́gun Allada; ní 1727, ó gba Ouidah; ní 1732, ó pa Jakin run. Gbogbo wọn jẹ́ ìlú òwò ní ìwọ̀ oòrùn. Àwọn tí ogun lé kúrò níbẹ̀ sá gba ọ̀nà ọ̀sà wá sí ìlà oòrùn, wọ́n sì bá àwọn àgbẹ̀, apẹja àti àwọn tí ń se iyọ̀ tí ó ti ń gbé agbègbè náà. Lára àwọn tí ó sá kúrò ní Jakin ni oníṣòwò kan, ará Họ́lándì, tí ń jẹ́ Hendrik Hertogh. Òun ni ọ̀pọ̀ òpìtàn gbà pé ìtàn ìlú ń pè ní Huntokonu. Ó kó òwò rẹ̀ wá sí Àgbádárìgì, àwọn ọ̀tá rẹ̀ sì pa á ní 1738.

Bí ọ̀rọ̀ bá rí báyìí, ta ni ó ń ná ọjà ẹrú ní 1502, nígbà tí èbúté kò tíì sí? N kò sọ pé ẹnìkan jókòó, ó sì pa irọ́ mọ́ wa. Ohun tí mo rò ni pé ẹnìkan fẹ́ kí ìtàn ìlú rẹ̀ gbó, nítorí ohun tí ó bá gbó ni àlejò ń fẹ́ wò, ẹlòmíràn sì dà á kọ, ẹnìkẹta dà á kọ láti ọwọ́ ẹnìkejì. Bẹ́ẹ̀ ni òǹkà ọdún ṣe ń di òkúta. Ọmọ tí ó bá ti kọ́ láti béèrè irú ìbéèrè yìí ní Àgbádárìgì, mo fi dá yín lójú pé yóò béèrè rẹ̀ nípa ìtàn Ṣàgámù pẹ̀lú.

Ọ̀rọ̀ kejì tí mo fẹ́ kí a yẹ̀ wò ni ti agboorùn. Afinimọ̀nà yóò fi agboorùn àtijọ́ hàn yín, yóò ní ogójì ẹrú ni wọ́n fi rà á. Yóò fi àgbá hàn yín, yóò ní ọgọ́rùn-ún ẹrú ni. Àwọn ọmọ á mí kanlẹ̀. Èmi náà mí kanlẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìwé àkọsílẹ̀ àwọn oníṣòwò ìgbà náà wà, wọn kò sì sọ bẹ́ẹ̀. Owó ẹyọ, aṣọ, tábà Bràsíìlì, ìbọn, ẹ̀tù àti ọtí ni wọ́n fi ń ra ẹrú, ẹrú kan ṣoṣo sì lè gba ẹgbẹẹgbẹ̀rún lọ́nà ọ̀pọ̀lọpọ̀ owó ẹyọ. Wọ́n ń ná an, wọ́n ń jiyàn lórí iye, wọ́n ń gba owó ibodè. Ẹ wò ó, ìtàn agboorùn yẹn sọ àwọn baba ńlá wọ̀nyẹn di òmùgọ̀ tí kò mọ iye ènìyàn, òyìnbó sì fi ohun yẹpẹrẹ tàn wọ́n. Ó rọrùn láti gbà bẹ́ẹ̀, nítorí a kì í dá òmùgọ̀ lẹ́bi púpọ̀. Ṣùgbọ́n wọn kì í ṣe òmùgọ̀. Oníṣòwò ni wọ́n, wọ́n mọ ohun tí wọ́n ń tà, wọ́n sì mọ iye tí wọ́n ń tà á.

Àwọn òpìtàn tí ó ka ìwé ìrìn-àjò àwọn ọkọ̀ fojú bù ú pé àwọn ènìyàn tí wọ́n kó kúrò ní Áfíríkà gba orí òkun Àtìláńtíìkì lọ tó mílíọ̀nù 12.5. Nǹkan bí mílíọ̀nù 2 nínú wọn ni ó ti etí òkun tiwa yìí lọ, láti ìhà Volta dé ìhà Èkó. Ouidah ni ó pọ̀ jù. Àgbádárìgì kò tó o, Èkó sì wá borí rẹ̀ nígbà tí ó yá. Síbẹ̀, ẹgbẹẹgbẹ̀rún ni, kì í ṣe díẹ̀.

Ní ọdún kan, bí a ti ń bọ̀ láti ọ̀hún, ọmọbìnrin kan tí ó wà ní kíláàsì kejì àgbà bi mí léèrè nínú ọkọ̀ pé: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ta ni ó kó wọn dé etí omi?” Gbogbo ọjọ́ náà ni a ti fi ń gbọ́ nípa òyìnbó, nípa ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, nípa ọkọ̀. Kò sí ẹni tí ó sọ fún un bí ẹrú ṣe dé Àgbádárìgì, bí ẹni pé inú iyanrìn ni wọ́n ti hù.

Ìdáhùn rẹ̀ rèé. Ní sẹ́ńtúrì kejìdínlógún, Ọ̀yọ́ Ilé ni ó lágbára jù ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀nà òwò rẹ̀ sì gba ilẹ̀ Ẹ̀gbádò, tí à ń pè ní Yewa lónìí, kọjá lọ sí Àjàṣẹ́ àti Àgbádárìgì. Ẹrú wà lára ohun tí ó ń gba ọ̀nà náà. Nígbà tí Ọ̀yọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ sẹ́ńtúrì kọkàndínlógún, ogun abẹ́lé dé: Òwu wó lábẹ́ ogun Ìjẹ̀bú àti Ifẹ̀ ní àwọn ọdún 1820, àwọn abúlé Ẹ̀gbá parẹ́, ìlú Ọ̀yọ́ kan kọlu ìkejì. Ẹni tí ogun bá kó, wọn a fà á lọ sí ọjà. Yorùbá ni ó kó Yorùbá, Yorùbá ni ó tà á, títí ó fi dé ọwọ́ ẹni tí yóò gbé e sínú ọkọ̀. Àwa Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ kò lè yọ ara wa kúrò níbẹ̀. Àwa ni a jókòó sí ẹ̀bá ọ̀sà, àwa ni a ń gba owó ibodè lọ́nà tí ó lọ sí Ìkòròdú àti Ejìnrìn, owó náà kò sì béèrè lọ́wọ́ ẹrù bóyá ènìyàn ni tàbí ẹyìn.

Ẹ wo Àjàyí Crowther. Ní 1821, wọ́n kó o ní Òṣogùn, ó ṣì jẹ́ ọmọdé. Wọ́n tà á láti ọwọ́ dé ọwọ́, títí ó fi dé Ìkòsì létí ọ̀sà, ní apá ilẹ̀ Ìjẹ̀bú, níbi tí wọ́n ti gbé e sínú ọkọ̀ ọpọ́n lọ sí Èkó. Ìhà tiwa ni ó gbà dé omi, kì í ṣe ìhà Àgbádárìgì. Ní oṣù Kẹrin 1822 ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì gbà á lọ́wọ́ àwọn Potogí lójú òkun, wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Mo máa ń sọ èyí fún àwọn ọmọ Rẹ́mọ ní pàtàkì, nítorí wọ́n a máa rò pé ìtàn ẹrú jẹ́ ti àwọn Ègùn nìkan.

Bí ó bá sì jẹ́ pé ẹnìkan fẹ́ kí ìtàn yìí rọrùn, kí ẹni rere dúró sí ọ̀tún, kí ẹni burúkú dúró sí òsì, kí ó má ṣe wọ ilé Sẹ̀ríkí Williams Abass. Fárẹ̀mí ni orúkọ àbísọ rẹ̀. Jọ̀gá-Orílé, ní ilẹ̀ Yewa ní ìpínlẹ̀ Ògùn wa yìí, ni wọ́n bí i sí. Ọmọdé ni nígbà tí wọ́n jí i kó. Ó bọ́ sí ọwọ́ ará Dàhòmì kan, Abass, lẹ́yìn náà ó bọ́ sí ọwọ́ Williams tí ó kó o lọ sí Bràsíìlì. Ibẹ̀ ni ó ti kọ́ ìwé àti oríṣiríṣi èdè òyìnbó. Ìdílé rẹ̀ sọ pé nígbà tí ó dàgbà, ọ̀gá rẹ̀ dá a padà sí ilé kí ó máa bá òun ra ẹrú. Ó padà. Ó rà á. Àgbàlá rẹ̀ ní Àgbádárìgì ní ogójì yàrá kótópó tí wọ́n fi ń kó àwọn ẹrú pamọ́ kí ọkọ̀ tó dé, ogójì ènìyàn nínú yàrá kọ̀ọ̀kan, gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń sọ. Yàrá tí mo wọ̀, fèrèsé rẹ̀ kò tóbi ju ìwé àjákọ akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ní 1913, ìjọba amúnisìn fi Abass ṣe olórí agbègbè náà. Ó kú ní 1919, ibojì rẹ̀ sì wà nínú ọgbà ilé náà. Wọ́n ní àwọn ọdún 1840 ni wọ́n kọ́ ilé ẹrú yẹn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ṣe ìṣirò: bí ọmọ tí wọ́n jí kó bá ti lọ sí Bràsíìlì, tí ó ti dàgbà, tí ó sì ti padà wá kọ́ ilé ní àwọn ọdún yẹn, ọmọ ọdún mélòó ni yóò jẹ́ ní 1919?

Bí Abass ṣe jẹ́ ẹrú tí ó padà wá di oníṣòwò ẹrú, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn ẹrú mìíràn wà tí ó padà wá ṣe ohun tí ó yàtọ̀. Láti 1839 ni àwọn Sàró, Yorùbá tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì ti dá sílẹ̀ ní Sierra Leone, ti ń wọ ọkọ̀ padà sílé. Àwọn tí ó sọ̀ sí Èkó, wọ́n jà wọ́n lólè. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi yan Àgbádárìgì, tí wọ́n sì ń gba ibẹ̀ lọ sí Abẹ́òkúta. Ọ̀kan nínú wọn, James Ferguson, ni ó kọ̀wé ní 1841 pé kí wọ́n rán oníwàásù wá. Kí ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ fàlà sí èyí nídìí: kì í ṣe òyìnbó ni ó ṣàdédé ronú kan ìlú wa. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n tà ni ó ránṣẹ́ pè é.

Thomas Birch Freeman ti ìjọ Mẹ́tọ́díìsì, ẹni tí bàbá rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ dúdú tí ìyá rẹ̀ sì jẹ́ òyìnbó, gúnlẹ̀ ní oṣù Kẹsàn-án 1842 pẹ̀lú William de Graft, ọmọ Gold Coast, tí à ń pè ní Gánà lónìí. Henry Townsend ti ìjọ C.M.S. dé ní oṣù Kejìlá. Abẹ́ igi agia ni wọ́n ti wàásù, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ṣe Kérésìmesì ọdún yẹn. Igi náà wó ní 1959, òpó ìrántí ni ó kù níbẹ̀. De Graft àti ìyàwó rẹ̀ ni ó bẹ̀rẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ ní 1843. Láti ibẹ̀ dé 1955, tí Awólọ́wọ̀ fi sọ ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ di ọ̀fẹ́ ní Ìwọ̀ Oòrùn, ọdún 112 ni.

Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo ènìyàn ń ya fọ́tò rẹ̀ kọjú sí ọ̀sà. 1845 ni wọ́n parí rẹ̀. Kò tóbi, kò sì lẹ́wà ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ilé iṣẹ́ ni. Crowther, tí ó ti di àlùfáà, dé Àgbádárìgì ní oṣù Kínní 1845 pẹ̀lú Townsend àti Gollmer, wọ́n sì dúró níbẹ̀ fún ọdún kan àti ààbọ̀ nítorí pé ogun dí ọ̀nà Abẹ́òkúta. Wọn yóò sọ fún yín pé inú ilé yìí ni ó ti túmọ̀ Bíbélì sí èdè Yorùbá. Ẹ rọra gbà á. Òótọ́ ni pé ó ń ṣiṣẹ́ ìtumọ̀ nígbà tí ó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìwé Róòmù tí ó túmọ̀ jáde ní 1850, odindi Bíbélì kò sì parí títí di 1884, lẹ́yìn tí ọ̀pọ̀ ọwọ́ ti kàn án. Ọ̀rọ̀ èdè ni tèmi, nítorí náà mo lè sọ pé àkókò tí ó lò ní Àgbádárìgì ṣe pàtàkì láìjẹ́ pé a fi kún un. Ọkùnrin yìí tí wọ́n kó lọ lọ́mọdé wá ń gbọ́ èdè rẹ̀ lójoojúmọ́ lẹ́nu àwọn tí ó ń ná ọjà, láti Ọ̀yọ́, láti Ẹ̀gbá, láti Èkó. Ní oṣù Kẹjọ 1846 ni ó dé Abẹ́òkúta, ó sì bá ìyá rẹ̀ pàdé lẹ́yìn ọdún márùndínlọ́gbọ̀n.

Ògo ìlú náà kò pẹ́. Akítóyè, ọba Èkó tí Kòsọ́kọ́ lé lórí ìtẹ́ ní 1845, fi Àgbádárìgì ṣe ibi ìsádi. Ìjà àwọn méjèèjì wọ inú ìlú, apá kan rẹ̀ sì jóná ní 1851. Ní oṣù Kejìlá ọdún náà, Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó, Akítóyè padà sórí oyè, àwọn oníṣòwò àti míṣọ́nnárì sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí lọ sí Èkó. Ní 1863, Àgbádárìgì bọ́ sábẹ́ ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Ní ìhà tiwa ńkọ́? A ti ọ̀nà pa. Ìjẹ̀bú kò fẹ́ kí òyìnbó tàbí Sàró kọjá, nítorí ọ̀nà ni owó wa. Ní 1865, àwọn Ẹ̀gbá wá dó ti Ìkòròdú nítorí ọ̀nà omi yìí kan náà, àwọn ọmọ ogun Glover láti Èkó ni ó lé wọn lọ. Ó di ìgbà tí ogun Ìmàgbọ̀n ṣẹlẹ̀ ní 1892 kí ilẹ̀kùn Ìjẹ̀bú tó ṣí, Akárìgbò sì tọwọ́ bọ ìwé àdéhùn pẹ̀lú Gẹ̀ẹ́sì ní 1894. Àádọ́ta ọdún, nígbà tí wọ́n ti ń kọ́ a-b-d ní Àgbádárìgì.

Ní ti ìrìn-àjò fúnra rẹ̀, ẹ tètè kúrò nílé. Ọ̀nà Ṣàgámù sí Èkó kò burú bí ọ̀nà láti Mile 2 lọ, tí wọ́n ti ń tún ṣe láti 2009. Ọkọ̀ ojú irin aláwọ̀ búlúù ti ń rìn láti Marina dé Mile 2 láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ṣùgbọ́n bọ́ọ̀sì ni yóò gbé yín dé ìlú. Ẹ ó gba ẹ̀gbẹ́ Àgbárá kọjá, tí í ṣe ti ìpínlẹ̀ Ògùn wa, lẹ́yìn náà ni ẹ ó bẹ̀rẹ̀ sí í rí igi àgbọn. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ ra àgbọn àti ẹja yíyan lọ́wọ́ àwọn ìyá tí ó ń tà á. Ẹ kí wọn ní Ègùn bí ẹ bá mọ̀ ọ́n.

Ilé Mobee wà fún ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀ àti irin tí wọ́n fi ń dí ẹrú lẹ́nu. Ìtàn ìdílé náà ni pé obì ni baba ńlá wọn máa ń fi ṣe àlejò, tí ó máa ń ní kí wọ́n mú obì, tí àwọn òyìnbó fi sọ ọ̀rọ̀ náà di orúkọ rẹ̀. Àwa tí ọjà obì Ṣàgámù jẹ́ tiwa kò lè gbọ́ ìtàn yìí kí a má rẹ́rìn-ín, síbẹ̀ ẹ̀rín náà kì í pẹ́ lẹ́nu nínú yàrá yẹn. Ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìjọba wà nínú ilé tí wọ́n kọ́ ní 1863, ó sì dára fún àwọn tí ó fẹ́ ka ìtàn létòlétò.

Gbẹ̀rẹfù ni kí ẹ fi parí ojú ọ̀nà. Ẹ ó wọ ọkọ̀ ojú omi. Ẹ rí i pé ọmọ kọ̀ọ̀kan wọ ẹ̀wù ìléfòó, kí ẹ má sì gbà bí awakọ̀ bá ní ibi tí a ń lọ kò jìnnà. Lẹ́yìn tí ẹ bá sọ̀kalẹ̀, ẹsẹ̀ ni ẹ ó fi rin iyanrìn náà lọ sí òkun. Kànga kan wà lójú ọ̀nà. Wọ́n ní wọ́n máa ń fún àwọn ẹrú ní omi rẹ̀ mu kí wọ́n lè gbàgbé ilé. Òpó méjì ni wọ́n gbé ró létí òkun níbi tí wọ́n ń pè ní Ibi Àlọ-ìdé. Ẹ jẹ́ kí àwọn ọmọ dákẹ́ níbẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀ láìya fọ́tò. Ariwo omi ibẹ̀ pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí olùkọ́ kò fi ní lè ṣe àlàyé kankan, ó sì sàn bẹ́ẹ̀.

Bí àkókò kò bá tó fún gbogbo rẹ̀, ẹ yọ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kúrò, kí ẹ má yọ ilé Abass. Àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ rẹ̀ ṣì ń gbé nínú àgbàlá náà. Ẹ ó rí aṣọ tí wọ́n sá, ẹ ó gbọ́ òórùn ọbẹ̀. Àwọn náà ni ó ń fi yàrá ẹrú han àlejò, wọ́n sì ń sọ ohun tí baba ńlá wọn ṣe láìfi bò. Kí àwọn ọmọ kúnlẹ̀, kí wọ́n dọ̀bálẹ̀, kí wọ́n kí wọn dáadáa kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í bi wọ́n ní ìbéèrè.